Etí Ṣáájú Ọwọ́: Kóòdù Morse àti Àgékúrú Ọ̀rọ̀ fún Aṣerédíò Ham ní Etíkun Àgbádárìgì

Kóòdù Morse ni ètò tí a fi ń sọ lẹ́tà, nọ́ńbà àti àmì ìkọ̀wé di ìró kúkúrú àti ìró gígùn, kí a lè rán wọn lórí wáyà, lórí ìmọ́lẹ̀ tàbí lórí ìgbì rédíò. Orí wáyà ni ó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 1844 ni Samuel Morse rán iṣẹ́ tí ó sọ ọ́ di olókìkí láti Washington lọ sí Baltimore ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n èyí tí àwọn aṣerédíò ń lò lónìí kì í ṣe ti Morse gan-an. Friedrich Gerke, ará Jámánì, ni ó tún un tò ní ọdún 1848, ìpàdé àwọn orílẹ̀-èdè ní Paris sì gbà á wọlé ní ọdún 1865, ìpàdé kan náà tí ó bí àjọ ITU, èyí tí ó ń ṣètò lílo ìgbì rédíò láàrin àwọn orílẹ̀-èdè títí di òní.

Ìtàn yìí kò jìnnà sí etíkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Okùn abẹ́ òkun tí ó so Èkó pọ̀ mọ́ Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1886 ni ìjọba amúnisìn fi ń rán iṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá wọn, tí iṣẹ́ tí ọkọ̀ ojú omi ń fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ gbé sì wá ń dé kíákíá. Ní Kamina, nítòsí Atakpamé ní Tógò, ní agbègbè tí àwọn Ifẹ̀ tí èdè wọn bá Yorùbá tan ń gbé, àwọn ará Jámánì kọ́ ilé iṣẹ́ wáyàlẹ́ẹ̀sì ńlá kan tí ó ń bá Nauen, lẹ́bàá Berlin, sọ̀rọ̀ láìlo okùn kankan, tí àwọn fúnra wọn sì bà á jẹ́ ní ìparí oṣù Kẹjọ ọdún 1914 nígbà tí wọ́n rí i pé ọwọ́ àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Kóòdù Morse ni gbogbo iṣẹ́ tí ó gba ibẹ̀ kọjá.

Lónìí, àwọn tí ó ń lo kóòdù yìí jù lọ ni àwọn aṣerédíò ham, ìyẹn àwọn tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ láti máa fi rédíò kẹ́kọ̀ọ́, dán ẹ̀rọ wò, kí wọ́n sì máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìgba owó. Títí di ọdún 2003, òfin àgbáyé ní kí ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ lo ìgbì tí ó wà nísàlẹ̀ 30 MHz mọ Morse kí wọ́n tó fún un ní àyè, ṣùgbọ́n ìpàdé ITU tí ó wáyé ní Geneva lọ́dún náà fi í sílẹ̀ fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan láti pinnu. Ọ̀pọ̀ ló rò pé Morse yóò kú látìgbà náà. Kò kú, bóyá nítorí pé ẹni tí a kò fi dandan mú a máa fi ìfẹ́ kọ́ nǹkan ju ẹni tí ó ń sá fún ìdánwò lọ.

Ohun tí ìró tóóró lè ṣe

Agbára kóòdù Morse wà nínú bí àyè tí ó ń gbà ṣe kéré tó. Ẹni tí ó bá fi ẹnu sọ̀rọ̀ lórí rédíò ham ń gba àyè tí ó tó nǹkan bí 2,700 Hz, ṣùgbọ́n Morse tí ó ń lọ ní ọ̀rọ̀ 20 ní ìṣẹ́jú kan kò nílò ju nǹkan bí 150 Hz lọ, tí ó fi jẹ́ pé gbogbo agbára ẹ̀rọ ni a kó sí ojú kan ṣoṣo, tí ẹni tí ó ń gbọ́ lódìkejì sì lè fi asẹ́ inú rédíò rẹ̀ sẹ́ ariwo tí ó yí i ká dànù. Ìdí nìyí tí wọ́ọ̀tì 5, tí kò tó èyí tí ọ̀pọ̀ gílóòbù ń jẹ, fi lè kọjá òkun lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run bá dára.

Àǹfààní yìí ṣe pàtàkì ní Àgbádárìgì ju bí ó ṣe rí níbòmíràn lọ. Ínfátà, ṣájà páànẹ́lì sólà, gílóòbù LED olówó pọ́ọ́kú àti jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń da ariwo sórí ìgbì láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, nígbà tí ó sì jẹ́ pé orí bátìrì fóòtì 12 ni ọ̀pọ̀ aṣerédíò yóò máa ṣiṣẹ́ nítorí iná tí kò dúró lójú kan, ẹ̀rọ kékeré tí kò jẹ bátìrì lójú méjèèjì ló yẹ wọ́n. Ṣùgbọ́n etíkun náà san gbèsè ohun tí ilé gbà. Omi iyọ̀ a máa gbé ìgbì rédíò dáadáa, tí áńtẹ́nà tí ó bá dúró ṣánṣán létí òkun yóò fi lè ta ìgbì rẹ̀ lọ ní ìsàlẹ̀, lẹ́bàá ojú omi, èyí tí ó ń mú un dé ọ̀nà jíjìn. Ẹni tí ó bá dúró ní erékùṣù Gbẹ̀rẹ̀fú, tí ó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn gúúsù, kò ní ohun kankan níwájú bí kò ṣe òkun títí dé Recife ní Bràsíìlì, ìrìn tí ó tó nǹkan bí kìlómítà 4,500.

Kí ó má bàa sí àṣìṣe, Morse kì í ṣe ohun ìdóòlà fún apẹja mọ́. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 1999 ni ètò GMDSS, tí ó ń lo sátẹ́láìtì àti rédíò tí ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, ti gba ipò rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ewu lójú òkun, ọkọ̀ tí ó bá sì wà nínú ìṣòro lẹ́bàá ilẹ̀ ní láti ké sí ọ̀nà 16 ti VHF, ní ojú ìgbì 156.8 MHz, pẹ̀lú ohùn ẹnu. Ẹni tí ó bá gbọ́ SOS lórí ìgbì ham yóò kọ ohun tí ó gbọ́ sílẹ̀, yóò sì fi tó àwọn aláṣẹ létí, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọ́ Morse pẹ̀lú èrò pé òun ni yóò gba ọkọ̀ òun là.

Etí ni ó ń kọ́ ọ

Ìwọ̀n ìró ni gbogbo kóòdù náà dá lé. Ìró kúkúrú, tí ìwé yìí ń pè ní dí, jẹ́ ìwọ̀n kan. Ìró gígùn, dàà, jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀. Àlàfo tí ó wà láàrin ìró méjì nínú lẹ́tà kan náà jẹ́ ìwọ̀n kan, èyí tí ó wà láàrin lẹ́tà sí lẹ́tà jẹ́ mẹ́ta, èyí tí ó wà láàrin ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀ sì jẹ́ méje. Ọ̀rọ̀ PARIS, pẹ̀lú àlàfo tí ó tẹ̀lé e, jẹ́ ìwọ̀n 50 géérégé, òun ni a sì fi ń díwọ̀n ìyára: ẹni tí ó bá lè rán PARIS lẹ́ẹ̀mejìlá ní ìṣẹ́jú kan ń lọ ní ọ̀rọ̀ 12. Bí ìyára bá jẹ́ 20, dí kan kò gbà ju ìdá 60 nínú ìdá 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Bí ó bá jẹ́ 5, ó di 240.

Nọ́ńbà tí ó kẹ́yìn yẹn ni ó ń ba ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́. Nígbà tí dí bá gùn tó 240, tí dàà sì gùn tó 720, ọkàn a máa ráyè ka ìró náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò lọ wá a nínú àtẹ tí ó ti há sórí, yóò sì mú lẹ́tà bọ̀. Ọ̀nà yìí ń ṣiṣẹ́ títí dé nǹkan bí ọ̀rọ̀ 10 ní ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn náà ni yóò dúró gbọnin, nítorí pé ọkàn kò lè sáré kà tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá dé ibẹ̀ a máa rò pé orí òun kò pé, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà tí ó gbà kọ́ ọ ni kò dára. Àwọn àtẹ aláràbarà tí a ń tẹ̀ tà, tí wọ́n fi àmì tóótòòtó àti ìlà ya ara lẹ́tà, kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ojú ni wọ́n ń kọ́, Morse kò sì bá ojú lò.

Ludwig Koch, onímọ̀ nípa ìṣesí ọkàn ní Jámánì, ni ó fi hàn ní àwọn ọdún 1930 pé ó sàn kí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ lẹ́tà ní ìyára tí yóò lò gan-an láti ọjọ́ kìíní, kí lẹ́tà náà sì jẹ́ méjì péré ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí a ṣe ń lo ọ̀nà Koch lónìí, K, tí ó jẹ́ dàà-dí-dàà, àti M, tí ó jẹ́ dàà-dàà, ni ó sábà máa ń ṣáájú. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa gbọ́ àwọn méjèèjì ní àdàlù ní ìyára 20, yóò máa kọ èyí tí ó bá dá mọ̀ sílẹ̀, yóò sì fo èyí tí kò dá mọ̀ láìwẹ̀yìn, nítorí pé ẹni tí ó bá dúró láti ronú lé lẹ́tà kan yóò pàdánù mẹ́ta tí ó tẹ̀lé e. Nígbà tí ó bá gba 90 nínú 100, a ó fi lẹ́tà kan kún un. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ títí tí lẹ́tà 26, nọ́ńbà 10 àti àwọn àmì díẹ̀ yóò fi pé. Bí ìyára 20 bá le jù, a lè lo ọ̀nà tí a fi orúkọ Farnsworth pè, níbi tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ti ń lọ ní 20 ṣùgbọ́n tí àlàfo láàrin wọn gùn, tí a ó sì máa ké àlàfo náà kúrú díẹ̀díẹ̀. A kì í fa lẹ́tà fúnra rẹ̀ gùn.

Ìṣẹ́jú 15 lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ sàn ju wákàtí mẹ́ta ní ọjọ́ Àìkú lọ, nítorí pé etí tí ó ti rẹ̀ kì í kọ́ nǹkan. Ojúlé LCWO lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ó wà lọ́fẹ̀ẹ́, ń tẹ̀lé ọ̀nà Koch. Ẹgbẹ́ CWops náà ní kíláàsì ọ̀fẹ́ tí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ti ń pàdé lórí kọ̀ǹpútà. Ẹni tí kò tíì ní rédíò lè fi fóònù gbọ́ ìgbì gidi láti orí WebSDR ti yunifásítì Twente ní Nẹ́dálándì, níbi tí ó ti lè lọ sí 7.000 sí 7.040 MHz tàbí 14.000 sí 14.070 MHz, kí ó sì máa gbọ́ bí àwọn àgbà ṣe ń ṣe é.

Ìkìlọ̀ kan wà fún etí tí ó ti mọ èdè Yorùbá láti kékeré. Dí àti dàà tí a ń fi ẹnu pè yìí ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀, ó sì ń ran ìrántí lọ́wọ́, ṣùgbọ́n nínú rédíò, ohùn kan náà ni àwọn méjèèjì ní, gígùn nìkan ni ó yà wọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fi ẹnu nìkan há wọn sórí yóò máa retí ìyàtọ̀ ohùn tí kò ní dé. Ó yẹ kí ó yára fi ìró ẹ̀rọ rọ́pò ìró ẹnu, kí ó yan ohùn kan tí ó tù ú lára láàrin 500 sí 700 Hz, kí ó sì dúró ti ohùn náà.

Ọwọ́ kò gbọdọ̀ ṣáájú etí. Ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ kí ó tó mọ bí lẹ́tà tí ó gún régé ṣe ń dún yóò mú àṣà búburú tí yóò ṣòro láti jáwọ́ nínú rẹ̀, èyí tí ó wọ́pọ̀ jù nínú wọn sì ni kí a má fi àlàfo sílẹ̀ láàrin ọ̀rọ̀. Ohun ìtẹ̀ oríṣi méjì ló wà ní pàtàkì. Èyí tí ó dúró tààrà ń dún níwọ̀n ìgbà tí ọwọ́ bá wà lórí rẹ̀, ọwọ́ fúnra rẹ̀ ni yóò sì pín dí àti dàà. Èyí tí ó ní apá méjì ń bá ẹ̀rọ kékeré kan ṣiṣẹ́, apá kan ń mú dí jáde, èkejì ń mú dàà jáde, ẹ̀rọ náà ni yóò sì rí i pé ìwọ̀n wọn pé. Ọ̀pọ̀ àgbà ń fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ti àkọ́kọ́. Kò sí ìdí pàtàkì fún un. Rédíò òde òní ti ní ẹ̀rọ kékeré ti èkejì nínú, ó sì ń dá ọwọ́ sí.

Àgékúrú ọ̀rọ̀

Aṣerédíò tí ó ń lọ ní ọ̀rọ̀ 15 ní ìṣẹ́jú kan kò lè máa kọ gbólóhùn gígùn bí ẹni tí ó ń kọ lẹ́tà, nítorí náà ni àgékúrú fi kún iṣẹ́ náà. Àwọn kan jẹ́ ogún láti ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ wáyà ayé àtijọ́: 73, tí ó túmọ̀ sí «mo kí yín púpọ̀, ó dìgbóṣe», wà láti ayé wáyà Amẹ́ríkà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, 88 sì ni èyí tí a ń fi kí ẹni tí a fẹ́ràn. Àwọn mìíràn jẹ́ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a gé: TNX fún ọpẹ́, PSE fún ẹ jọ̀ọ́, UR fún tiyín, HR fún níbí, WX fún ojú ọjọ́, AGN fún lẹ́ẹ̀kan sí i, ANT fún áńtẹ́nà, GM, GA àti GE fún ìkíni òwúrọ̀, ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́, FB fún ó dára púpọ̀. OM ni a ń pe ọkùnrin, ìbáà jẹ́ ọmọ ogún ọdún, YL ni a sì ń pe obìnrin, ìbáà jẹ́ ìyá àgbà. HI HI ni ẹ̀rín. Kò sí ẹni tí ó gbọdọ̀ wá ìwà àgbà nínú àgékúrú wọ̀nyí. Ọ̀wọ̀ lórí Morse wà nínú kí a lọ ní ìyára ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀.

Kóòdù Q yàtọ̀. Nǹkan bí ọdún 1909 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tò ó jọ fún ọkọ̀ ojú omi àti ilé iṣẹ́ rédíò etíkun, ìpàdé Lọ́ńdọ̀nù ti ọdún 1912 sì sọ ọ́ di ti gbogbo ayé, kí àwọn tí kò gbọ́ èdè ara wọn lè ṣiṣẹ́ pọ̀. Lẹ́tà mẹ́ta ni kọ̀ọ̀kan, Q ni ó ń ṣáájú, bí a bá sì fi àmì ìbéèrè sí i yóò di ìbéèrè. QTH ni ibi tí a wà, QTH? sì ni «níbo lẹ wà?» QRS ní kí a rọra, QRM ni ìdíwọ́ láti ọ̀dọ̀ àwọn aṣerédíò mìíràn, QRN ni ariwo àrá, QSB ni ìgbì tí ń rì tí ń fò, QRP ni agbára kékeré, QSY ni kí a ṣí lọ sí ojú ìgbì mìíràn, QSL ni mo ti gbà á, QRT ni a fẹ́ pa ẹ̀rọ, QRZ? sì ni «ta ni ó ń pè mí?» Ní agbègbè tí ẹbí kan náà wà ní Àgbádárìgì àti ní Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Benin, tí ọmọ kan ka ìwé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí èkejì kà á ní èdè Faransé nítorí ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, kóòdù Q kò ṣe ojúsàájú fún ẹnikẹ́ni. DE pàápàá, tí ó túmọ̀ sí «láti ọ̀dọ̀», Faransé ni.

Àwọn àmì ìṣètò tún wà tí a ń tẹ̀ papọ̀ láìfi àlàfo sí i. K, dàà-dí-dàà, ní kí ẹnikẹ́ni fèsì. KN, dàà-dí-dàà-dàà-dí, ní kí ẹni tí a dárúkọ nìkan fèsì. AR, dí-dàà-dí-dàà-dí, ni òpin iṣẹ́. SK, dí-dí-dí-dàà-dí-dàà, ni òpin ìpàdé pátápátá. Dàà-dí-dí-dí-dàà, tí a ń kọ bí =, ni a fi ń ya ọ̀rọ̀ kan kúrò lára èkejì.

Ìròyìn bí ìró ṣe dé, ní nọ́ńbà mẹ́ta, ni a ń pè ní RST, tí Arthur Braaten, ará Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀ ní ọdún 1934. Nọ́ńbà àkọ́kọ́, láti 1 dé 5, ń sọ bóyá ọ̀rọ̀ yé. Èkejì, láti 1 dé 9, ń sọ bí ó ṣe lágbára. Ẹ̀kẹta, láti 1 dé 9, ń sọ bí ohùn rẹ̀ ṣe mọ́. 599 ni ó ga jù, ṣùgbọ́n nítorí pé 9 gùn, dàà-dàà-dàà-dàà-dí, N, tí ó jẹ́ dàà-dí, ni a ń fi rọ́pò rẹ̀, tí 599 fi di 5NN. Níbí ni àmì ìpè Nàìjíríà ti ń dá wàhálà tirẹ̀ sílẹ̀, nítorí pé 5N ni ITU pín fún orílẹ̀-èdè yìí gẹ́gẹ́ bí ìbẹ̀rẹ̀ àmì ìpè, bí ó ṣe pín TY fún Benin, 5V fún Tógò àti 9G fún Gánà. Ẹni tí ó bá gbọ́ 5NN tí 5N sì tẹ̀lé e lè rò pé ìròyìn kan náà ni a ń tún sọ. Aṣerédíò Nàìjíríà tí ó gbọ́n kì í fi àmì ìpè rẹ̀ lé 5NN; ó máa ń fi DE tàbí àlàfo gígùn sáàrin wọn.

Ìpàdé kan gẹ́gẹ́ bí ó ṣe yẹ kí ó lọ nìyí. Àmì ìpè méjèèjì inú rẹ̀ jẹ́ àpẹẹrẹ lásán, nítorí pé lẹ́tà mẹ́ta tí Q ṣáájú lè da kóòdù Q rú, a kì í sì í fi í ṣe ìparí àmì ìpè ẹnikẹ́ni.

QRL? DE 5N0QAA
CQ CQ CQ DE 5N0QAA 5N0QAA K
5N0QAA DE PY7QAA PY7QAA K
PY7QAA DE 5N0QAA GE OM TNX FER CALL = UR RST 579 579 = NAME AYO AYO = QTH BADAGRY BADAGRY = HW? KN
5N0QAA DE PY7QAA R FB AYO = UR RST 559 559 QSB = QTH RECIFE RECIFE = KN
PY7QAA DE 5N0QAA R TNX = 73 TU SK

Ìlà àkọ́kọ́ ni àwọn tuntun máa ń gbàgbé. QRL? ń béèrè bóyá ẹnìkan ti wà lójú ìgbì náà, a sì gbọ́dọ̀ dúró gbọ́ èsì kí a tó pe CQ, tí í ṣe ìpè sí gbogbo ayé, nítorí pé etí ẹni lè má gbọ́ ẹni tí ń sọ̀rọ̀ láti òkèèrè. HW? ń béèrè bí ìró ṣe dé, FER ni «fún», R ni mo ti gbà á, TU sì ni ọpẹ́. Nọ́ńbà RST, orúkọ àti ìlú ni a ń tún sọ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé àwọn ni olùgbọ́ kò lè méfò. A kì í tún «TNX» sọ. Ó tún dára kí ẹni tí orúkọ rẹ̀ gùn yan èyí tí ó kúrú: Olúwáṣeun lè jẹ́ SEUN, inú ará Recife yóò sì dùn sí i.

Nígbà tí gbogbo ayé bá ń pe 5N

Àmì ìpè Nàìjíríà kò wọ́pọ̀ lórí Morse, àwọn tí ń kó orílẹ̀-èdè jọ sì ń wá a. Ẹni tí ó bá pe CQ láti Àgbádárìgì ní ìrọ̀lẹ́ lórí 14 MHz lè rí i pé lẹ́yìn ìpàdé kejì tàbí ìkẹta, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Yúróòpù ti ń dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, pàápàá jù lọ nítorí àwọn ẹ̀rọ Reverse Beacon Network tí ń gbọ́ CQ fúnra wọn, tí wọ́n sì ń kéde àmì ìpè náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láàrin ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Àwọn tuntun máa ń pa ẹ̀rọ nígbà náà. Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó yẹ ni kí ó rán UP, tí ó túmọ̀ sí pé òun yóò máa gbọ́ lókè ojú ìgbì òun, bíi kìlóhẹ́ẹ̀tì kan tàbí méjì, kí àwọn tí ń pè má bàa bo ohùn tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí ó bá gbọ́ lẹ́tà méjì péré nínú àmì ìpè kan, kí ó rán méjèèjì pẹ̀lú àmì ìbéèrè, kí ó sì dúró ti ẹni náà títí yóò fi gbà á tán, bí ẹlòmíràn tilẹ̀ ń fi agbára ńlá pariwo. Ẹni tí ó bá fi aláriwo síwájú lẹ́ẹ̀kan ti kọ́ gbogbo wọn láti máa pariwo. Ìyára rẹ̀ ni òun náà yóò máa pinnu. Kò sí ìtìjú nínú QRS.

Nínú ìdíje CQ WW ti Morse, tí ó máa ń wáyé ní òpin ọ̀sẹ̀ kíkún tí ó kẹ́yìn nínú oṣù Kọkànlá fún wákàtí 48, kìkì 5NN 35 ni ará Àgbádárìgì yóò máa rán sí gbogbo ènìyàn, nítorí pé ẹkùn 35 ni Nàìjíríà wà nínú ètò CQ. Nínú ti ITU, 46 ni. Ìdíje yìí, bí ó ti wù kí ó yára tó, jẹ́ ibi ìkọ́ṣẹ́ tí ó dára, torí pé ohun tí a óò gbọ́ ni a ti mọ̀ ṣáájú, àmì ìpè nìkan ni ó ń yí padà.

Yorùbá lórí Morse

Àtẹ ITU kò ní ẹ, ọ àti ṣ, kò sì ní ọ̀nà láti gbé ohùn. OKO tí a bá rán lè jẹ́ oko, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ tàbí ọ̀kọ̀, olùgbọ́ ni yóò fi ohun tí ó ṣáájú mọ̀ ọ́n. Ìlù dùndún, ní tirẹ̀, ń gbé ohùn, ó sì fi lẹ́tà sílẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ibi tí Morse ti kùnà ni dùndún ti mókè. Nítorí náà, àwọn tí ó bá fẹ́ fi Yorùbá bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí Morse ní láti lo gbólóhùn dípò ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kí wọ́n sì máa fi àgékúrú tí gbogbo ayé mọ̀ ṣe egungun ìpàdé náà. Èdè abínibí kò lòdì sí òfin. Ohun tí òfin àgbáyé kọ̀ fún aṣerédíò ham ni kóòdù àṣírí tí a dá sílẹ̀ láti fi ìtumọ̀ pamọ́, kóòdù Q kò sì sí nínú èyí nítorí pé ìtumọ̀ rẹ̀ wà ní gbangba.

Iyọ̀, òjò àti mànàmáná

Fún 14.060 MHz, tí àwọn alágbára kékeré máa ń pàdé sí, wáyà tí ó gùn tó mítà 5.07, tí a fi okùn ọ̀rá fà dúró ṣánṣán láti ara igi àgbọn, pẹ̀lú wáyà mẹ́rin tí wọ́n gùn bákan náà tí a tẹ́ sílẹ̀ lórí yanrìn, ti tó fún áńtẹ́nà tí kò ná ni lówó púpọ̀. Fún 7.030 MHz, yóò di nǹkan bíi mítà 10.1. Bàbà tí kò ní awọ yóò di aláwọ̀ ewé láàrin oṣù díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ iyọ̀, nítorí náà wáyà tí ó ní awọ ni ó dára, kí a fi tẹ́ẹ̀pù rọ́bà dí gbogbo ojú ìsopọ̀, kí a sì máa fi omi tútù tí kò ní iyọ̀ fọ̀ wọ́n lóòrèkóòrè.

Ìgbà òjò ń mú QRN wá, èyí tí ó máa ń le jù lórí 7 MHz ní alẹ́. 14 àti 21 MHz sàn ní ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ariwo kò ní ewu bíi mànàmáná. Kí òjò tó dé, kì í ṣe nígbà tí àrá bá ti ń sán lókè ilé, a gbọ́dọ̀ yọ áńtẹ́nà kúrò lẹ́yìn ẹ̀rọ, kí a sì ju ẹnu wáyà náà síta.

Nínú ìwé àkọsílẹ̀, àkókò UTC ni a ń kọ, èyí tí ó fi wákàtí kan wà lẹ́yìn ti Nàìjíríà, tí aago méje alẹ́ fi jẹ́ 1800. JJ16 ni àmì àgbègbè tí a ń fún ẹni tí ó bá béèrè ibi tí a wà lórí àwòrán ilẹ̀, Èkó, Àjàṣẹ́ àti Kútọnu sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú Àgbádárìgì.

Ìwé àṣẹ

Òfin Wáyàlẹ́ẹ̀sì ti ọdún 1961, tí ó ṣì wà nínú àkójọ òfin Nàìjíríà ti ọdún 2004, kò gba ẹnikẹ́ni láàyè láti fi ẹ̀rọ rédíò ránṣẹ́ láìní ìwé àṣẹ ìjọba àpapọ̀. Ẹgbẹ́ Nigerian Amateur Radio Society, tí ó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ àgbáyé IARU, ni ó yẹ kí ẹni tuntun kọ́kọ́ lọ bá fún ìtọ́sọ́nà. Ìwé àṣẹ 5N kò kọjá ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ lo rédíò ní ilẹ̀ Benin gbọ́dọ̀ gba ti ibẹ̀, kí ó tó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ rékọjá, nítorí pé àwọn aṣọ́bodè kì í fojú rere wo rédíò tí kò ní ìwé.

Ohun ìtẹ̀ tí a so mọ́ ẹ̀rọ kékeré tí ń dún lásán, tí kò ta ìgbì kankan sí afẹ́fẹ́, kò nílò ìwé àṣẹ. Òun ni kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ṣe ìdánrawò títí tí yóò fi lè gba ọ̀rọ̀ 12 ní ìṣẹ́jú kan láìkọ wọ́n sílẹ̀, kí ó sì wá ìwé àṣẹ rẹ̀ nígbà náà. Kí ìwé àṣẹ náà tó dé ọwọ́ rẹ̀, kí ó má ṣe so ohun ìtẹ̀ náà mọ́ áńtẹ́nà.